Ẹ Má Tíì Fọ́ọ̀mátì Láptọ́ọ̀pù Yín

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àsìkò àpilẹ̀kọ ti dé ní ẹ̀ka wa kò nílò kàlẹ́ńdà. Kó ṣáà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa fún wákàtí kan. Yóò gbọ́ "Láptọ́ọ̀pù mi ti háńgì" tó ìgbà mẹ́ta. Yóò gbọ́ èsì rẹ̀ pẹ̀lú: "Fáírọ́ọ̀sì ni. Lọ fọ́ọ̀mátì ẹ̀."

Gbólóhùn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ bá wí. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ pé Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ bí a ṣe ń mú nǹkan láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. À ń gbé àga, à ń ru igi, à ń pọn ọmọ, à ń kó aṣọ, nítorí pé iṣẹ́ tí ọwọ́, orí àti ẹ̀yìn ń ṣe nínú wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan kọ̀ǹpútà, orúkọ kan la fi ń pe àìsàn mẹ́rin, oògùn kan náà la sì ń lò sí gbogbo wọn. Oògùn ọ̀hún ló tún burú jù, nítorí pé ẹni tó bá fọ́ọ̀mátì dísíkì ń pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ ni.

Èrò mi nìyí: púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó ń ṣòfò mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dọọdún, kọ̀ǹpútà kọ́ ló pa á. Ohun mẹ́ta ló ń pa á: a kì í mọ irú àìsàn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, a máa ń kánjú fọ́ọ̀mátì, a sì máa ń tọ́jú iṣẹ́ síbi kan ṣoṣo.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa lọ gba ohùn sílẹ̀ lágbègbè Àkókó, níbi tí ìlú méjì tó múlé ti ara wọn ti lè máa sọ èdè tí kò jọra. Ìyá àgbà kan ló bá a sọ̀rọ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ìyá náà ka orúkọ ewé fún un, ó ka oǹkà, ó pàlọ́, ó sọ bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Nígbà tó yá, láptọ́ọ̀pù náà kọ̀, kò wọlé dé ojú Windows mọ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ injiníà kan lẹ́yìn géètì. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti ń tàn, ó mọ́ tónítóní. Ohùn ìyá àgbà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá náà sì ti kú ṣáájú ìgbà yẹn. Owó ọkọ̀ ṣeé wá, orí kẹta àpilẹ̀kọ ṣeé tún kọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè padà lọ bi òkú ní orúkọ ewé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé dísíkì yẹn kò kú. Òun náà ló ṣì wà nínú láptọ́ọ̀pù yẹn títí dòní, ó ń ṣiṣẹ́. Windows tó wà lórí rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ ì bá kọ́kọ́ tú dísíkì náà jáde, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kó kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sápá kan, kó tó wá fọwọ́ kan ohunkóhun.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pín "ó ti háńgì" sí mẹ́rin: kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀, èyí tó dì, èyí tó dákú, àti èyí tó kú.

Èyí tó ń falẹ̀ ni ká kọ́kọ́ mú. Ibi méjì ni kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí. RAM dà bíi tábìlì tí à ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, dísíkì sì dà bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó wà lórí tábìlì yá lọ́wọ́, àmọ́ tábìlì kò tóbi, ohun tó bá sì wà lórí rẹ̀ yóò pòórá bí iná bá lọ. Tí tábìlì bá ti kún, kọ̀ǹpútà á máa kó díẹ̀ lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, á tún máa sáré lọ kó o wá nígbà tó bá nílò rẹ̀. Dísíkì tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sì lọ́ra ju RAM lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Sísá lọ sá bọ̀ yẹn là ń rí tí a fi ń sọ pé ó ń falẹ̀. Kò ṣàìsàn. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn ju ọ̀pọ̀ ẹ̀ka lọ, nítorí Praat. Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ bá mi ṣírò díẹ̀. Ohùn WAV tí a gbà sílẹ̀ ní ìwọ̀n 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, bíìtì 16, sítẹ́rìó, ń gba nǹkan bíi MB 10 àbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Wákàtí kan rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi MB 635 lórí dísíkì. Ṣùgbọ́n tí a bá fi "Read from file" ṣí i, ńṣe ni Praat máa ń gbé gbogbo rẹ̀ sórí RAM, báìtì 8 ló sì fi ń tọ́jú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dípò 2. MB 635 yẹn á wá di nǹkan bíi GB 2 àbọ̀. Láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ jẹ́ GB 4, tí Windows ti jókòó sí lára rẹ̀, tí Chrome náà ti ṣí ojú ìwé ogún sílẹ̀, níbo ni yóò gbé e sí?

Kò pọn dandan ká ra láptọ́ọ̀pù tuntun nítorí èyí. Nínú Praat kan náà, "Open long sound file" wà lábẹ́ "Read from file" gan-an. Ńṣe ló máa ń ka ohùn náà díẹ̀díẹ̀ láti orí dísíkì, kì í kó gbogbo rẹ̀ sórí RAM. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo là ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú máìkì kan, mónò ti tó, ó sì ń sọ gbogbo ìṣirò òkè yìí di ìdajì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fọ́ọ̀mátì láptọ́ọ̀pù lórí ohun tí bọ́tìnì kan ṣoṣo ì bá yanjú.

Èkejì ni kọ̀ǹpútà tó dì. Máòsì kò rìn mọ́, a tẹ lẹ́tà, kò jáde. Ó dì bí epo pupa ṣe ń dì nígbà ọyẹ́: ohun tó wà nínú ìgò kò tíì ṣòfò, ooru díẹ̀ ló ń fẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ètò kan ló ń dúró de ohun tí kò tíì dé, bóyá dísíkì, bóyá íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Windows bá kọ "Not Responding" sókè, kò sọ pé ètò náà ti kú. Ohun tó ń sọ ni pé ó ti tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tí ètò náà ti jẹ́ ìpè kẹ́yìn. Ẹ fún un láyè díẹ̀. Tí kò bá dáhùn, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ mú ètò tó dì yẹn nìkan, kí ẹ sì tì í. Àwọn yòókù á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Bọ́tìnì iná tí a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tó fi máa kú ló yẹ kó gbẹ̀yìn, torí pé bí dísíkì bá ń kọ fáìlì lọ́wọ́ nígbà náà, ìdajì fáìlì la máa bá nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó dákú. Ó kú fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó tẹ nǹkan kan, tàbí kó gbé ojú búlúù jáde, kó sì tún ara rẹ̀ tàn. Ooru wà lára ohun tó máa ń fà á. Èròjà tó ń ṣe ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà máa ń gbóná, bó bá sì ti gbóná jù, yóò pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná. Àwa sì nìyí, orí bẹ́ẹ̀dì là ń gbé e sí, tí tìmùtìmù á dí ibi tó ń gbà mí. Eruku ọyẹ́ á tún wọ inú fáànù rẹ̀. Tábìlì líle àti fífọn eruku jáde látìgbàdégbà ti tó fún ọ̀pọ̀ dídákú yìí. Iná náà tún wà níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé ṣájà ló gbé e ró, yóò kú ní gbogbo ìgbà tí Nẹ́pà bá mú iná tàbí tí epo bá tán nínú jẹnẹrétọ̀. Bátìrì tuntun fún irú rẹ̀ kì í ṣe fàájì, owó ìdáàbòbò iṣẹ́ ni.

Tó bá jẹ́ ojú búlúù, ẹ má bẹ̀rù. Windows ló mọ̀ọ́mọ̀ dúró nítorí pé ó rí àṣìṣe tí kò lè gbójú fò, tó bá sì ń bá iṣẹ́ lọ, ó lè ba púpọ̀ sí i jẹ́. Ó máa ń kọ orúkọ àṣìṣe náà síbẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wá orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ bá injiníà kankan.

Ẹ̀rí tó tóbi jù tí mo mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì kọ́ ló wà lẹ́yìn gbogbo dídákú ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024. Lọ́jọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe ṣírò rẹ̀, gbé ojú búlúù jáde káàkiri àgbáyé. Ọkọ̀ òfurufú ò lè gbéra, ilé ìwòsàn dá iṣẹ́ dúró. CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọ̀daràn, ló fi update kan tó ní àṣìṣe ránṣẹ́. Ẹ wo oògùn rẹ̀: wọ́n ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà ní Safe Mode, kí wọ́n sì yọ fáìlì kan ṣoṣo náà kúrò. Ẹni tó bá sáré fọ́ọ̀mátì lọ́jọ́ náà sun ilé nítorí eku kan.

Mi ò sọ pé fáírọ́ọ̀sì kò sí. Ó wà lórí fláàṣì tí à ń tì bọ kọ̀ǹpútà àwọn tó ń bá wa tẹ iṣẹ́, ó wà nínú ètò olówó ńlá tí ẹnì kan já títì rẹ̀ tó wá ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá sì ṣì wà lórí Windows 10 yẹ kó mọ̀ pé Microsoft ti dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún gbogbo èèyàn dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí fáírọ́ọ̀sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí a máa wò, kó má jẹ́ òun nìkan.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó kú, ìyẹn kí dísíkì fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́, ńṣe ni dísíkì máa ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, tí orí tó ń kà á á sì fò lókè rẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Ẹni tó bá gbé irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ gun ọ̀kadà nígbà tó ṣì ń yí ń wá wàhálà. Kí irú dísíkì bẹ́ẹ̀ tó kú, ó sábà máa ń kìlọ̀: á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́, fáìlì á máa pẹ́ kó tó ṣí, orúkọ fáìlì á di ohun tí a ò lè kà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, a ní ó ń pọ́n. Níbi tó bá ti dé yìí, ẹ má tún tẹ iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ kó ohun tó ṣe pàtàkì jáde ná. SSD kì í yí ní tirẹ̀, ó sì yá ju èyí lọ, àmọ́ ó lè kú láìdún rárá.

Àwọn kan á ní gbogbo àlàyé yìí kò ju ọ̀rọ̀ owó lọ: ká ra ẹ̀rọ ńlá, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo mọ̀ pé RAM púpọ̀ ń ranni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1969, bí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wọn ń pariwo 1202 léraléra. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, torí pé rédà kan tí wọn ò nílò lásìkò yẹn ń jẹ àkókò rẹ̀. RAM kọ̀ǹpútà náà kò ju nǹkan bíi KB 4 lọ. Síbẹ̀, wọ́n sọ̀ láyọ̀, nítorí pé àwọn tó kọ ètò rẹ̀ ní MIT, tí Margaret Hamilton wà lára wọn, ti kọ́ ọ pé bí ẹrù bá wúwo, kó ju èyí tí kò pọn dandan nù, kó tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó sì di iṣẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ mú. Mímọ ohun tó yẹ ká tì àti ohun tó yẹ ká dì mú kì í náni lówó.

Bí a tilẹ̀ ṣe gbogbo èyí, kọ̀ǹpútà á ṣì kú lọ́jọ́ kan. Olè náà sì wà. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà fi ju ìtọ́jú lọ. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, iná jó Museu Nacional ní Rio de Janeiro, ó sì jó àkójọ èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ Brazil tó wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀dà rẹ̀ ti wà níbòmíràn nìkan ló yè nínú àwọn ìwé àti ohùn tó jóná. Ẹ̀dà tí a kò yẹ̀ wò náà kò tó. Lọ́dún 1998, àṣẹ kan tí ẹnì kan tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní Pixar pa èyí tó pọ̀ jù nínú Toy Story 2 rẹ́. Wọ́n sáré lọ sídìí ẹ̀dà tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, wọ́n bá a pé kò pé. Ẹ̀dà tó wà nílé Galyn Susman, tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ nítorí ọmọ tuntun, ló kó wọn yọ.

Mo mọ̀ pé dátà wọ́n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ lójúmọ́ kò wúwo, Google Drive sì ń fúnni ní GB 15 lọ́fẹ̀ẹ́. Ohùn ló wúwo, ẹ sì lè sọ WAV di FLAC. Yóò dín kù láìsí pé ohunkóhun yọ nínú ohùn náà, Praat á sì ṣí i. Ẹ̀dà kẹta ni mo fẹ́ràn jù: ẹ fi mẹ́mọ́rì káàdì kan sílẹ̀ fún ẹbí ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀. Tiwọn ni ohùn náà kó tó di tiwa. Bí tiwa bá sọnù, ó mọ ilé rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ wa ni pé kí ìwé tí a ń buwọ́ lù kí a tó lọ gba ohùn ní ìlà kan níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ á ti kọ ibi mẹ́ta tí ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ máa wà, kí alábòójútó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí ẹni tó bá ń kọ́ wa ní Praat kọ́ wa ní "Open long sound file" lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ ṣeun fún àwọn aago ògiri tí ẹ máa ń fi ta ẹ̀ka lọ́rẹ. Wọ́n ti pọ̀ tó. Bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá lè fún wa ní dísíkì ìta kan, tí ó ń gbé inú ọ́fíìsì ẹ̀ka, ohùn tí a bá gbà lọ́dún yìí á wà níbẹ̀ fún ẹni tó máa wọlé lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí láptọ́ọ̀pù yín bá kọ̀ lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ó ń falẹ̀ ni, ó dì ni, ó dákú ni, àbí ó ti kú? Tó bá di dandan kí ẹ gbé e jáde, ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára: "Ẹ kó iṣẹ́ mi jáde ná. Ẹ má fọ́ọ̀mátì."